Ẹni tí Kò Lọ sí Ọjà: Àtúnyẹ̀wò Ìpààrọ̀ Ẹ̀sìn àti Ìfẹ̀sìnsílẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Akẹgbẹ́ mi kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ rẹ̀ gidigidi, tí àríyànjiyàn wa yìí kò sì lè dín ọ̀wọ̀ náà kù, kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé Ìjẹ̀bú ọmọ alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ti ní òmìnira ẹ̀sìn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ láti ìgbà ìwásẹ̀. Pé àjọ̀dún Ojúde Ọba ni ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ. Àti pé ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀sìn sílẹ̀, tí àwọn amòfin ń gbé gẹ̀gẹ̀ kiri lóde òní, kò ju ẹ̀ka kan lára igi tí àwọn baba wa ti gbìn. Òwe méjì ni ó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kanra, àti ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá wọ inú ìwé ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò gbé e lọ bí òtítọ́ tí a ti parí.

Ohun tí ẹ̀sìn jẹ́ àti ohun tí òmìnira jẹ́, òǹkàwé wa mọ̀ ọ́n. N kò ní í dá ẹnikẹ́ni dúró lórí ìyẹn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí akẹgbẹ́ mi fò kọjá ni mo fẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ síwájú wa.

Àwọn tí ó wọlé

Kò sí ẹni tí ó ka ìtàn Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ pé ìlú tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì ni Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí àwọn oníwàásù ti fìdí kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní oṣù karùn-ún 1892, ní ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ni Gómìnà Carter ti Èkó rán àwọn ọmọ ogun tí Scott ṣáájú wọn, tí ìjà Ìmàgbọ̀n sì fi ipá ṣí ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn èyí ni ohun ìyanu bẹ̀rẹ̀: láàárín ìran kan péré, ìlú tí kò fẹ́ gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì kún fún onígbàgbọ́, àwọn mùsùlùmí sì tún pọ̀ jù wọ́n lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀. Peel, ní 1977, fi Ìjẹ̀bú wé Bùgáńdà láti wá ìdí tí ìyípadà náà fi yá kánkán; Gbàdàmọ́sí, ní 1978, tọpa bí Ìsìláàmù ti gbilẹ̀ láàárín Yorùbá títí dé 1908; Àyándélé, ní 1992, gbé ọ̀rọ̀ náà ka inú ìtàn ìṣèlú àti ọrọ̀ ajé Ìjẹ̀bú. Nínú kànga àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti ń pọn omi. Síbẹ̀, lójú tèmi, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ka àwọn tí ń wọlé.

Ẹ wo Balógun Kúkú, ẹni tí akẹgbẹ́ mi fi ṣe òpó ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà kúrò nídìí òrìṣà, ó súnmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, òfin aya kan ṣoṣo kò sì bá ilé ọlọ́lá tí ó kún fún aya mu. Ní 1902 ó di mùsùlùmí. Bí àwọn Ìjẹ̀bú ti ń sọ ìtàn náà, nígbà tí kò lè bá Awùjalẹ̀ ṣe ọdún ìbílẹ̀ mọ́, ó tọrọ pé kí òun àti àwọn ènìyàn òun máa wá kí ọba lẹ́yìn Iléyá, láti inú èyí sì ni Ojúde Ọba ti hù, tí àwọn ìdílé Balógun fi ń gun ẹṣin, tí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, lọ́kùnrin lóbìnrin fi ń wọ aṣọ tí ojú kò lè wò tán ní ọjọ́ kẹta ọdún. Mo ti dúró nínú èrò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, omi sì ti bọ́ lójú mi nítorí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó jẹ́rìí sí? Ó jẹ́rìí pé ẹni tí ó fi ilé kan sílẹ̀ tí ó wọ ilé kejì ṣì lè wá dọ̀bálẹ̀ fún ọba rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kúkú kúrò níbi kan; ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ó rí ibòmíràn dé sí.

Ẹni tí kò wọ ilé kankan

Ìpààrọ̀ ẹ̀sìn ni kí ènìyàn fi èyí sílẹ̀ kí ó mú èyí. Ìfẹ̀sìnsílẹ̀ ni kí ó fi èyí sílẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kí ó sì sọ pé ọwọ́ òfìfo náà tẹ́ òun lọ́rùn. Èkínní, àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n dunjú. Èkejì, a kò tíì ní orúkọ rere kan fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òwe méjèèjì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: òwe yìí gbà pé ọ̀nà pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu ni ó ti gbà pé ọjà ni gbogbo wa ń lọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, tí ó ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ rà, òun kò sì ní ohun tí òun fẹ́ tà. Ojú ọ̀run ẹ̀wẹ̀ tó ẹyẹ í fò. Ẹyẹ tí ó bá yàn láti máa fi ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ kò sí nínú òwe náà. Àwọn baba wa kò purọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Àwa tí a ń fi òwe wọn dá ẹjọ́ tí wọn kò gbọ́ rí ni a ṣì í lò.

Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Onígbàgbọ́, lẹ́nu wa, ọmọlẹ́yìn Kristi ni. Bí a bá wá yí i sódì, aláìgbàgbọ́ yóò kó lèmọ́mù àti babaláwo pọ̀ mọ́ ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́. Kèfèrí, lẹ́nu àwọn tí ó kọ́kọ́ mú un wá fún wa, lè kó àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ abọ̀rìṣà. Abọgibọ̀pẹ̀ sì rèé, ó kéré tán ó rí nǹkan bọ. Láti inú ilé ni a ti ju gbogbo orúkọ wọ̀nyí sí ẹni tí ó wà lóde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹni tí ó wà lóde lè fi pe ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni mo tún ti rí àpẹẹrẹ tí ó bá a mu jù. Obìnrin tí ó kọ ọkọ rẹ̀ tí ó fẹ́ ẹlòmíràn, ariwo rẹ̀ kì í pẹ́ rọlẹ̀: láyé àtijọ́, ọkọ titun a san ohun tí ọkọ àárọ̀ ná padà, ọ̀rọ̀ a parí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ ọkọ, tí ó padà sí ilé baba rẹ̀, tí ó sì jókòó, dálémosú ni a ń pè é, gbogbo ẹbí a sì máa wá ẹni tí wọn yóò fà á lé lọ́wọ́, bí ẹni pé àìsàn ni ó ń ṣe é. Kì í ṣe kíkọ̀ tí ó kọ ọkọ ni ó ń bí ẹbí nínú; jíjókòó tí ó jókòó ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ti ń ṣe sí dálémosú ẹ̀sìn. Bí ọmọ mùsùlùmí bá di ọmọ ìjọ Àgùdà, baba rẹ̀ lè bínú, kí ó pẹ́ kí ó tó bá a jẹun, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọmọ wà. Bí ó bá ní òun kò sí níbì kankan, wọn a ní àwọn ọ̀rẹ́ ti bà á jẹ́, wọn a ní kí a gbé e lọ fún àdúrà.

Àwọn amòfin àgbáyé pàápàá ti kọsẹ̀ níbí. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948, nínú abala rẹ̀ kejìdínlógún, dárúkọ òmìnira láti yí ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ padà. Saudi Arabia wà lára àwọn tí kò dìbò fún un. Nígbà tí a fi máa kọ májẹ̀mú àgbáyé ti 1966 lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ẹ̀tọ́ ìṣèlú, ọ̀rọ̀ yíyí padà ti pòórá, ọ̀rọ̀ níní tàbí gbígbà ni ó rọ́pò rẹ̀. Ó di 1993 kí ìgbìmọ̀ tí ń mójútó májẹ̀mú náà tó là á mọ́lẹ̀ pé ààbò rẹ̀ kan ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀sìn kankan. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, di ọ̀rọ̀ yíyí padà mú ṣinṣin, ó sì fi ìgbàgbọ́ àti ẹ̀rí ọkàn ti ẹ̀sìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú ẹjọ́ dókítà Okonkwo ní 2001, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ gbà pé a kò lè fi ipá mú àgbàlagbà gba ìtọ́jú tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lòdì sí. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí Jèhófà ni aláìsàn náà, òun náà ní ilé tí ó fara tì.

Ní Jámánì, ẹni tí ó fẹ́ kúrò nínú ìjọ a máa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, a fọwọ́ sí ìwé, owó orí ìjọ a sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn àbájáde ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ní Malaysia, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ kọ̀ ní 2007 kí Lina Joy, tí ó ti di onígbàgbọ́, yọ Ìsìláàmù kúrò lára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ìpààrọ̀ pàápàá kò rọrùn níbẹ̀. Ní Kano tiwa níhìn-ín, Mubarak Bala, tí ó fi Ìsìláàmù sílẹ̀ tí kò sì wọ ibòmíràn, ẹni tí a mú ní Kaduna ní 2020, ni a dá ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fún ní 2022 nítorí ohun tí ó kọ. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní 2024, ó sì jáde ní 2025. Akẹgbẹ́ mi yóò sọ pé Kano kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí a wá sílé.

Ọ̀gá tí kò gbàdúrà

Nínú gbogbo ẹ̀rí akẹgbẹ́ mi, níbo ni Táí Ṣólàárín wà? Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni a ti bí i ní 1922. Ó bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà ogun àgbáyé kejì, ó kàwé ní Manchester àti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1952. Ní gbangba ni ó ń sọ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ìjọsìn òwúrọ̀ kúrò nínú ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá àwọn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ lára mu, ó sì wà lára ohun tí ó mú un fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1956 ni ó ṣí Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, orúkọ tí ó gbà lára ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé àwọn tí a ni lára nítorí ẹ̀sìn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620.

Òótọ́ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀: a kò rán Ṣólàárín lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí àìgbàgbọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun tì í mọ́lé ní 1984, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ni ó kó ọmọ wọn wá bá a, nítorí wọ́n rí i pé ọmọ tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde mọ ìwé, ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́. Bí akẹgbẹ́ mi bá fẹ́ gba èyí mú, n kò ní í jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. A kò gba ohun tí ó dúró lé lórí. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti Mẹ́tọ́díìsì bọ́ sí Ìsìláàmù ni, à bá bá a jẹ sàráà. Ó ní láti kọ́ ilé tirẹ̀ kí ó tó ní ibi tí kò ti ní í gbàdúrà.

Ara ọba

Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, gorí ìtẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1960, ó lo ọdún 65 níbẹ̀, ó sì wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025 ní ẹni ọdún 91. Mùsùlùmí ni kábíyèsí. Nígbà ayé rẹ̀ ni ó ti ti òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2021 lẹ́yìn, èyí tí ó fi àyè gbà kí a sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀. Ọjọ́ kejì ìwàjà rẹ̀ ni a sin ín ní ìlànà Ìsìláàmù ní ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ṣọ́jà wà níbẹ̀, ẹ̀hónú àwọn oníṣẹ̀ṣe sì gba ìwé ìròyìn kan.

Agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí ń gbèjà ìṣẹ̀ṣe tán kí n tó sọ tèmi. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó fi ipá mú ọmọ ọba wọ Ìpèbí, ilé ètùtù ìgorí ìtẹ́. Pé ẹni tí ó gba adé ti gba ohun tí ó bá adé rìn. Pé àwọn náà ní ẹ̀sìn, òmìnira tiwọn sì ni pé kí a má ṣe fi ìbọn gba ìlànà àwọn lọ́wọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, pàápàá èyí tí ó kan ìbọn: ẹ̀tọ́ tí ṣọ́jà ní láti máa ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà ìsìnkú kò tíì wọ inú ọkàn ìlú. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé kan wà tí ó ní ẹnu àbáwọlé tí kò ní ẹnu àbájáde, àní fún òkú. Bí òmìnira Ìjẹ̀bú bá sì ti pé láti ìwásẹ̀, kí ni a ń fi òfin 2021 ṣe?

N kò fẹ́ sọ ju bí mo ti rí i lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rí tí yóò dá mi lẹ́bi wà níbi tí ojú mi kò tíì dé; Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe Rẹ́mọ, Rẹ́mọ kì í sì í ṣe gbogbo Yorùbá. Ohun tí ó jọ pé a lè sọ pẹ̀lú ìṣọ́ra ni pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ ìpààrọ̀ dé ojú àmì, kò sì tíì mọ ìfẹ̀sìnsílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ka ohun tí ó wà lókè yìí tí ó ṣì ń pe Ojúde Ọba ní ẹ̀rí ìfẹ̀sìnsílẹ̀, n kò mọ ẹ̀rí mìíràn tí n óò tún gbé wá fún un.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú yìí ni ó ti fà mí dé ibi iṣẹ́ tí mo fẹ́ dáwọ́ lé báyìí. Ní Ìjẹ̀bú, ibojì pọ̀ níwájú ilé, a sì máa ń kọ orúkọ sí i lára. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun: ẹ ó rí Ògún, ẹ ó rí Ifá nínú orúkọ baba ẹni tí a ya àgbélébùú sí orí rẹ̀, ẹ ó sì rí i nínú orúkọ ẹni tí a ya oṣù àti ìràwọ̀ sí tirẹ̀. Ta ni ó pàṣẹ àmì náà, òkú ni tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó san owó símẹ́ńtì? Ìwé ìhágún mélòó ni ó sọ pé kí a má ṣe pe àlùfáà kankan, ta ni ó sì tẹ̀lé e? Mo fẹ́ máa ka àwọn ibojì wọ̀nyí láti ìlú dé ìlú, kí n máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ olóògbé, kí n sì máa wá èyí tí orúkọ nìkan wà lára rẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.