So Ọwọ́ Mọ́ Ọpọlọ: Èdè Yorùbá Nídìí Àṣẹ Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ń lo Linux ti lè rí àṣẹ bíi taskset -c 0-3 ./isiro rí. Ohun tó ń sọ kò ṣòro: ètò tó ń jẹ́ isiro ni kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó má sì kọjá ààyè mẹ́rin àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ti lè wáyé nínú ẹ̀rọ náà. Àmọ́ bí olùkọ́ bá fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá, yóò rí i pé orúkọ ló kù. Kí ni ká pe ààyè yẹn? Kí ni ká pe ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Èrò tèmi ni pé ohun tí nǹkan ń ṣe ló yẹ ká wò ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti pè é kọ́ la ó fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní thread. Ẹni tó bá sáré túmọ̀ rẹ̀ yóò ní òwú ni, tàbí fọ́nrán. Fọ́nrán ti níṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu wa: fọ́nrán fídíò, fọ́nrán ohùn. Òwú kì í sì í dá ṣe nǹkan kan. Ẹlòmíràn ló ń ran án, tó ń hun ún. Èyí tí à ń sọ yìí ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Ètò kan lè ní ẹyọ kan, ó lè ní ọgọ́rùn-ún. Ìrántí kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò, kálukú lè máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lákòókò kan náà, bí ètò náà bá sì kú, gbogbo wọn bá a lọ ni. Ọwọ́ ni mo dábàá ká máa pè é. A ti máa ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a bá sọ pé ètò kan ní ọwọ́ mẹ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló ni ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí ọwọ́ bá wà, ọpọlọ ń kọ́? Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń pe ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà, orúkọ náà sì tọ́ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí ègé kan. Ní 2001, IBM gbé POWER4 jáde, ó kó ọpọlọ méjì sórí ègé kan. Láti ìgbà náà, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí dé ọgọ́rùn-ún ó lé, ni wọ́n ń kó pa pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè dá ka àṣẹ, kó dá ṣírò, kó sì dá ṣe ìpinnu. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ká máa pè ní ọpọlọ. Odindi ègé tó gbà wọ́n sínú ni ká pè ní agbárí.

Ó ku ohun kan tó máa ń da àwọn èèyàn rú. Láti 2002 ni Intel ti ń ta ọpọlọ tó lè gba iṣẹ́ ọwọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpọlọ kan ni, àmọ́ ẹnu méjì ni iṣẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀. Ẹnu ni mo fẹ́ ká máa pè é, bí a ṣe ń sọ ẹnu ọ̀nà. Nọ́ńbà tí a kọ tẹ̀ lé -c nínú àṣẹ taskset, ẹnu ló ń kà, kì í ka ọpọlọ. Ẹ tẹ lscpu -e, ẹ ó rí òpó mẹ́ta tí wọ́n kọ CPU, SOCKET àti CORE sí lórí: ẹnu, agbárí, ọpọlọ. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ mẹ́rin, ẹnu 0 àti ẹnu 4 jẹ́ ti ọpọlọ 0. Bí a bá kó ọwọ́ méjì tí ìṣirò wọn wúwo sí ẹnu méjèèjì yìí, ọpọlọ kan ni wọ́n ó jọ máa pín lò, ọpọlọ mìíràn a sì jókòó lásán. Orúkọ tó wà lórí páálí kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra Core i5 rò pé ọpọlọ márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ méjì, ẹnu mẹ́rin, ni i5-7200U ní.

Ní ti ìlà àṣẹ fúnra rẹ̀, gírámà wa ti ní ohun tí a nílò. Taskset jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, orúkọ ètò jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, -c 0-3 sì ń sọ bí ìṣe náà yóò ṣe wáyé. Àpọ́nlé nìyẹn. Àwọn kan ń pè é ní àṣàyàn nítorí pé option ni Gẹ̀ẹ́sì pè é, ṣùgbọ́n àpọ́nlé àṣẹ ló sọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ibi tí Yorùbá ti lè ṣe ju Gẹ̀ẹ́sì lọ ni ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní affinity. Nǹkan méjì ni wọ́n kó sábẹ́ orúkọ kan yìí. Bí a bá lo taskset -c 0-3, ààlà la pa: ọwọ́ ètò náà lè máa ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn, bí apínṣẹ́ Linux bá ṣe rí i pé ó yẹ, kó má sáà ti kọjá mẹ́ta. Ìpààlà ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a fẹ́ kí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dúró sójú kan. Ìdí ni pé ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní ìrántí ìtòsí tirẹ̀, níbi tó ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí. Bí wọ́n bá ṣí ọwọ́ kan nípò lọ sí ọpọlọ mìíràn, ó di dandan kí wọ́n tún lọ kó ohun èlò rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, àkókò a sì ṣòfò. Bí a bá wá dè é mọ́ ọpọlọ kan, ìsomọ́ ni.

Ẹ wo ìsomọ́ lẹ́nu iṣẹ́. GROMACS jẹ́ ètò tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń ṣírò bí èròjà inú ara, bíi purotéènì, ṣe ń mira nínú omi. Yunifásítì Groningen ní Netherlands ló ti bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé ẹ̀rọ wa ní ọpọlọ mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu kan ṣoṣo, a sì fẹ́ ṣe ìṣirò méjì pa pọ̀, ọwọ́ mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún èkíní, a ó kọ:

gmx mdrun -ntmpi 1 -ntomp 4 -pin on -pinoffset 0

Fún èkejì, a ó kọ:

gmx mdrun -ntmpi 1 -ntomp 4 -pin on -pinoffset 4

Ẹ jẹ́ ká ka àṣẹ kejì yìí ní Yorùbá: fún ètò yìí ní ọwọ́ mẹ́rin, so ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu tirẹ̀, ẹnu 4 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbàgbé -pinoffset nínú àṣẹ méjèèjì, ẹnu 0 ni ìṣirò méjèèjì yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìsomọ́. Ọwọ́ mẹ́jọ yóò máa du ọpọlọ mẹ́rin, ọpọlọ mẹ́rin tó kù kò ní rí nǹkan kan ṣe.

Àwọn àgbà ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú apá kejì ní 1990, ló fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí mo yá lókè yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ ilé ìwé kankan mọ́, nítorí pé inú kíláàsì ni wọ́n ti ń lò ó lójoojúmọ́.

A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan taskset àti -pin o, nítorí lẹ́tà wọn gan-an ni ẹ̀rọ ń kà. Àlàyé tó yí wọn ká ni tiwa. Ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ dán ọwọ́, ọpọlọ, agbárí, ẹnu, ìpààlà àti ìsomọ́ wò lójú akẹ́kọ̀ọ́ yín. Èyí tó bá jẹ́ kí ọmọ kọ àṣẹ náà bó ṣe yẹ láìjẹ́ pé ẹ tún un ṣàlàyé, ẹ dì í mú. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ jù ú nù, kí ẹ sì fi èyí tó sàn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.