Àfòmọ́ Inú Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ni í bá tan. Àgbẹ̀ ni àwa ará Òmùpo ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Orí igi emi àti igi obì ni a ti mọ àfòmọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ pìtàn rẹ̀ kì í gbé orí igi. Ẹja ni, ara ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì ti ń jẹun.

Lamprey ni orúkọ rẹ̀. Òkun Àtìláńtíìkì ni ilé rẹ̀. Ó gùn gbọọrọ bí ejò, kò ní párì, eyín sì yí ẹnu rẹ̀ ká. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ẹja, yóò dá ihò sí i lára, yóò sì máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu.

Adágún ńláńlá márùn-ún ni ó wà níhà Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹni tí ó bá ti rí bí omi Òwu ṣe ń já láti orí àpáta ní Ọ̀wá Kájọlà yóò mọ̀ pé kò sí ẹja tí ó lè wẹ̀ gun irú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi Niagara ṣe jẹ́ ògiri fún mẹ́rin nínú àwọn adágún wọ̀nyí. Ní ọdún 1829, àwọn oníṣòwò la ipa omi Welland kí ọkọ̀ lè yí Niagara kọjá. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ní 1921, a rí lamprey nínú adágún Erie. Kí 1940 tó dé, ó ti tàn dé gbogbo wọn.

Tẹ́lẹ̀ rí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 pọ́n-ùn ẹja trout ni àwọn apẹja ń kó lọ́dọọdún nínú àwọn adágún apá òkè. Lẹ́yìn 1960, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 300,000. Òótọ́ ni pé àpajù ẹja lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àfòmọ́ yìí ni ó da ọ̀ràn náà rú pátápátá.

Orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1955. Inú ẹrẹ̀ odò kéékèèké ni ọmọ lamprey ti ń dàgbà fún ọdún púpọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n lọ bá a. Wọ́n dán oògùn bíi 6,000 wò kí wọ́n tó rí èyí tí ó ń pa á láìpa ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn. Láti 1958 ni wọ́n ti ń lò ó, lamprey sì dín kù gan-an. Síbẹ̀, nígbà tí àrùn Kòrónà dá iṣẹ́ náà dúró díẹ̀ ní 2020, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀. Ojú oró àti òṣíbàtà kì í ṣe àjèjì. Inú àdúrà wa ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ní 1984, ewéko olódòdó kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá gba ojú omi láti Benin wọ Àgbádárìgì, ó sì sé ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àti àwọ̀n àwọn apẹja, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. N kò sọ pé kí á má la ọ̀nà. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó oníbodè gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí a fi la ọ̀nà.