Ẹni Tí Kò Lérò Àtidi Okocha

Kò sí àdúgbò tí irú ọmọ yìí kò sí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, àmọ́ bọ́ọ̀lù kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ń ka orúkọ àwọn tí yóò ṣojú ilé ìwé, wọn kì í dé orí tirẹ̀, ìyẹn kò sì ní kí ó má jẹ iyán rẹ̀ lálẹ́. Kò lérò àtidi agbábọ́ọ̀lù ńlá bí Okocha, ó kàn fẹ́ sáré, kí ó làágùn, kí ó pariwo, kí ó wẹ̀, kí ó sùn. Níbo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣeré ní Tẹ̀dé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, àti ní àwọn ìlú tó yí i ká láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí? Ìtàn irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà kí bọ́ọ̀lù tó dé.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn, agbègbè tí àwọn ìlú wọ̀nyí wà, òjò ló sì ń pàṣẹ fún àgbẹ̀ ibẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí iṣẹ́ oko dín, apá àwọn ọ̀dọ́ a máa wá ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn kéékèèké a bẹ̀rẹ̀ bojúbojú àti ekùn mẹ́ran, àwọn tó dàgbà díẹ̀ a kọjú sí ìjàkadì, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹkẹ. Ìjàkadì ńlá wà o, èyí tí ìlù ń lù sí, tí àwọn ará Ọ̀fà tilẹ̀ fi sínú oríkì wọn. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọdé kò gbà ju yanrìn àti ẹgbẹ́ ẹni lọ. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a nìyẹn. A gbọn yanrìn lára, a tún bọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n dá a.

Ẹni tí kò fẹ́ yanrìn lára a jókòó sídìí ọpọ́n ayò: ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀pẹ. Wọn a fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ títí, síbẹ̀ wọn kì í lé e nídìí ọpọ́n, nítorí bí ọ̀pẹ bá lọ, ta ni ọ̀ta yóò jẹ?

Ọ̀nà òkun ni bọ́ọ̀lù gbà dé. Ní June 15, 1904, ní Calabar, àwọn ọmọ ilé ìwé Hope Waddell fi góòlù 3 sí 2 na àwọn atukọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó wá nínú ọkọ̀ HMS Thistle. Ilé ìwé ló gbé e káàkiri lẹ́yìn náà. Ní January 1955, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, láàárín ọdún kan péré iye ọmọ ilé ìwé sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó ju 811,000 lọ. Ibi tí ilé ìwé bá ti wà, pápá a wà níbẹ̀. Ibi tí pápá bá sì wà, íńtá-háòsì kò ní pẹ́ dé.

Ó yẹ kí èèyàn dúró díẹ̀ nídìí íńtá-háòsì. Wọn a pín gbogbo ilé ìwé sí Rẹ́ẹ̀dì, Búlúù, Yẹ́lò àti Gíríìnì, akọni pẹ̀lú ojo, kò sẹ́ni tí kò nílé. Lóòótọ́, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ehoro ló ń gba ife-ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kù nínú ètò ọjọ́ náà: eré àpò, gbígbé ẹyin sáré lórí ṣíbí, sísáré lọ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, rírọ omi kún ìgò. Ọmọ tó sanra, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé igi ìsáré fún, òun gan-an ni gbogbo háòsì ń bẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fa okùn, tí wọn a sì so ìdí okùn mọ́ ọn ní ìbàdí. Máàṣì-páàsì ńkọ́? Èrò ló ń fẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ yíyá. Àwọn tó to ètò yẹn ní ọgbọ́n ju bí a ṣe ń yìn wọ́n lọ.

Lẹ́yìn ilé ìwé, sẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù àdúgbò, ló kù. Kò ní olùdásílẹ̀, kò ní ọ́fíìsì. Òkúta méjì níbí, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ojú ilé kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, mọ́ńkì póòsìtì ni wọ́n sì ń pè é. Márùn-ún sí márùn-ún ni, kò sí aṣọ́lé, kò sí rẹfirí. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá kọ́kọ́ ju góòlù méjì sí nílé a jáde, àwọn tó ń dúró a wọlé. Òfin kan ṣoṣo tí kò ṣeé yí ni pé ẹni tó ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbá a, ì báà mọ̀ ọ́n gbá, ì báà má mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá lé e jáde tí ó sì bínú gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọlé, gbogbo pápá ti túká nìyẹn.

Owó ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Láyé àtijọ́, pàṣán ni bàbá ń mú lọ ká ọmọ mọ́ pápá: “Ṣé bọ́ọ̀lù lo máa jẹ ni?” Ní 1976, IICC Shooting Stars ìlú Ìbàdàn na Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ní 1985, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tí ì pé ọdún 17 lọ sí Ṣáínà, wọ́n fi góòlù 2 sí òdo na Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n di aṣíwájú àgbáyé. Ní 1996, wúrà Òlíńpíìkì dé láti Atlanta. Bàbá tó ń mú pàṣán bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń san fún agbábọ́ọ̀lù lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ ni àkádẹ́mì pọ̀ sí i, tí wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń yan ọmọ bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà. Èyí tí wọn kò bá yàn, ẹ̀gbẹ́ pápá ni tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kì í ṣeré tó kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ní 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ ilé ìwé mílíọ̀nù 1.6 ní orílẹ̀-èdè 146. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 11 sí 17, àwọn 81 ni kì í lo ara tó wákàtí kan lójúmọ́.

Ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò béèrè kóòṣì, kò béèrè bàtà olówó ńlá. Ilẹ̀ tí yóò ti ṣeré ló ń fẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin mọ́gàjí tí ẹ ń ta ilẹ̀ ẹbí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi méjì sílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀tì.