Níbo ni Àlejò Ń Sùn ní Abidjan?

Ní èdè Jùlá tó gba gbogbo ọjà Abidjan kan, Boribana túmọ̀ sí pé eré sísá ti tán. Àdúgbò kan létí ọ̀sà ní Attécoubé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ ohun tó ń wí: ó ti sá títí, ó wá fẹ́ gbé ẹrù kalẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni katapílà wọ Boribana, tó wó o palẹ̀. Ní àsìkò kan náà ló wọ Gesco ní Yopougon. Àwọn aláṣẹ ní ibi eléwu ni irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀, pé omi òjò lè gbé wọn lọ. N kò ní bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, nítorí òjò oṣù kẹfà ti pa ènìyàn ní Abidjan léraléra. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lọ kọ́lé sí ojú àgbàrá nítorí pé ojú àgbàrá wù ú.

Àwa Yorùbá, tí àwọn ará ibí ń pè ní Anango, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ Èjìgbò ni àwọn òbí mi. Ní Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, agboolé tí kò ní ẹnì kan ní Abidjan ṣọ̀wọ́n, èdè Faransé sì ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn níbẹ̀ bí ẹni pé ìjọba Faransé ló ṣàkóso wọn rí. Treichville ni wọ́n bí mi sí, Adjamé ni mo dàgbà sí. Nítorí náà, bí mo bá ń ka ìtàn bí Abidjan ṣe di ìlú ńlá, ojú ayálégbé ni mo fi ń kà á.

Ìlú tí wọ́n pín sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn Faransé kó olú ìlú kúrò ní Bingerville wá sí Abidjan ní 1934, Plateau ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì àti ibùgbé ara wọn. Àwọn adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn ń gbé Adjamé lápá àríwá, àti Treichville ní òdìkejì ọ̀sà. Ojú irin náà ń gùn sókè díẹ̀díẹ̀: ó dé Bobo-Dioulasso ní 1934, ó dé Ouagadougou ní 1954. Ẹ wo máàpù yẹn dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin náà ń lọ sí ọ̀nà aṣálẹ̀, ó ń kó àwọn tí ilẹ̀ gbígbẹ kò bọ́ yó bọ̀ wá sétí omi. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi Vridi ní 1950, tí ọkọ̀ òkun ńlá lè wọ inú ọ̀sà, èbúté ń wá alágbára lójú méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ láti Niger, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ òòjọ́ kiri ní Treichville, ni Jean Rouch fi ṣe fíìmù Moi, un Noir tó jáde ní 1958. Ẹni tó bá ti wò ó kò ní gbàgbé. Lẹ́yìn ọ̀dá tó mú Sahel ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àti òmíràn ní 1983 sí 1984, àwọn mìíràn tún dé. Ìlú gbà wọ́n síṣẹ́, ṣùgbọ́n kò wá yàrá fún wọn.

Ohun tó wá yàrá fún wọn ni ohun tí a ń pè ní cour commune. Yorùbá tó bá wọ inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé agboolé ni. Ẹni tó gba ilẹ̀ yóò kọ́ yàrá yí i ká, gbogbo ilẹ̀kùn yóò kọjú sí àárín. Ẹ̀rọ omi kan, balùwẹ̀ kan tàbí méjì, ṣáláńgá, igun kan fún àdògán èédú. Onílé fúnra rẹ̀ lè máa gbé yàrá kan níbẹ̀, kó fi ìyókù pawó. Nínú tiwa, Mossi wà, Baoulé wà, ìyá kan láti Togo ń dáná oúnjẹ títà lẹ́nu ọ̀nà, àwa sì wà ní yàrá méjì lápá òsì. A máa ń jà nítorí omi. A máa ń jà nítorí iná pẹ̀lú, torí mítà kan ni gbogbo ilé ń lò, ẹni tó ní fíríìjì sì fẹ́ san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní gílóòbù kan. N kò fẹ́ ká máa pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ: àìsàn máa ń ti ilẹ̀kùn kan dé èkejì, ọmọbìnrin tó ti bàlágà kò sì ní ibi tó lè dá wà. Síbẹ̀, ẹni tó dé lánàá lè gba yàrá lọ́la nítorí pé ẹnì kan nínú ilé mọ̀ ọ́n, onílé á sì gba ọ̀rọ̀ onítọ̀hún bí ìwé ẹ̀rí. Oṣù tí ọjà kò bá tà, a lè bẹ onílé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò bá tíì tọjà dé, ẹni tó bá wà lágbàlá ló ń bu oúnjẹ fún un.

Ìjọba gbìyànjú o. Lẹ́yìn òmìnira, Houphouët-Boigny fẹ́ kí Abidjan jẹ́ ìlú àwòyanu. Wọ́n dá SOGEFIHA sílẹ̀ ní 1963, SICOGI tẹ̀lé e ní 1965, wọ́n sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, pàápàá ní Yopougon ní àwọn ọdún 1970. Títí dòní, ènìyàn á sọ pé Yopougon Sicogi lòun ń gbé, láìronú pé orúkọ ilé-iṣẹ́ lòun ń pè. Ilé tó dára ni wọ́n. Ta ló wá rí wọn gbé? Ẹni tó ní owó oṣù tí wọ́n lè yọ owó ilé nínú rẹ̀ ni. Alágbàṣe èbúté kò ní ìwé owó oṣù. Ìyá mi tó ń ta aṣọ kò ní in. Nígbà tí owó kòkó àti kọfí já wálẹ̀, tí gbèsè gun orí gbèsè, tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí ìjọba lè náwó sí, ilé kíkọ́ wà lára ohun tí wọ́n gé. SOGEFIHA kò rékọjá àwọn ọdún 1980. Nígbà tí wọ́n tún wá gé iye owó CFA sí ìdajì ní oṣù kìíní 1994, ẹni tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ pàápàá dáwọ́ dúró.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ ìlú máa ń bi mí ìdí tí àwọn Anango, tí wọ́n ti pẹ́ tó báyìí lẹ́nu òwò, kò fi kọ́lé sí Abidjan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ sí Èjìgbò. Ní oṣù kẹwàá 1958, àwọn ènìyàn dìde sí àwọn ará Dahomey àti Togo ní Abidjan, wọ́n ba ilé wọn jẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n kó padà sílé. Ẹ rántí pé Dahomey ìgbà yẹn ni Kétu àti Sàkétẹ́ wà. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà, Yorùbá tó fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kò níye. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2002, kò pẹ́ tí àwọn agbófinró fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó àdúgbò onípáànù ní Abidjan, ibi tí àlejò pọ̀ sí jù. Ẹni tó rí gbogbo èyí, ilé tí kò ṣeé gbé sá kò lè wù ú rà. Ìdí nìyẹn tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi kún Èjìgbò, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí ẹni tó ni ín sì ń gbé yàrá kan ní Adjamé.

N kò dá àwọn bàbá wa lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èmi rí i pé ó ti ná wa ní ohun kan tí a kì í sọ. Ẹni tó gbà pé òun ń lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀ kì í bá onílé ṣẹjọ́ lọ́dún yìí. Ogójì ọdún lè kọjá bẹ́ẹ̀, kó má tíì béèrè rìsíìtì owó ilé rí.

Òfin sì wà. Láti oṣù kẹfà 2018, òfin Côte d'Ivoire sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba owó ìdúró tó ju ti oṣù méjì lọ, àti àsansílẹ̀ tó ju ti oṣù méjì lọ. Òfin ilé kíkọ́ ti 2019 sì tún un sọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, owó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kì í ṣe tuntun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ báyìí. Ká ní owó yàrá jẹ́ 40,000 CFA lóṣù. Oṣù mẹ́rin jẹ́ 160,000. Démarcheur tó mú yín débẹ̀ á gba ti oṣù kan, ó di 200,000. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin láti 2023 jẹ́ 75,000. Bí onílé bá tẹ̀ lé òfin délẹ̀délẹ̀, ó ku díẹ̀ kó jẹ́ owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ onílé kò sì tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní kí o san mẹ́fà, wọ́n á kọ mẹ́rin sínú ìwé.

Ìkànìyàn 2021 rí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ní agbègbè Abidjan. Ilé tuntun tí ìjọba ń kọ́ láti 2012 tún ń béèrè ìwé owó oṣù àti báńkì, bíi ti SOGEFIHA. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, n óò ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ omi àti gọ́tà sí cour commune tó ṣẹ́kù ní Treichville àti Adjamé kí àwọn tó ń kọ́ ilé alájà tó rà wọ́n tán, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ́fíìsì kan sí kọ́múùnù kọ̀ọ̀kan tí ayálégbé lè mú ìwé rẹ̀ lọ láìgba lọ́yà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń bọ̀ láti Èjìgbò lẹ́yìn iléyá. Ó ti bi mí lórí fóònù bóyá yàrá wà. Mo ní kó tọ́jú 200,000, kó má ṣe san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni kó tó fojú rí ẹ̀rọ omi, kó sì gba ìwé.