Ẹgbẹ́ Alátakò àti Òfin Ìjọba: Ìtàn Kan Láti Maiduguri

Kí Òyìnbó tó gòkè odò ni ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì ti ń sọ fún Aláàfin, ikú bàbá yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, pé ibi báyìí ni kí agbára rẹ̀ mọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní ni pé kí ẹnì kan dúró lójú ọ̀nà aláṣẹ. Ohun tí ó di àríyànjiyàn láyé òṣèlú ni bóyá ó tọ́ kí ẹgbẹ́ alátakò máa dínà mọ́ òfin tí ẹgbẹ́ tí ń ṣèjọba bá gbé kalẹ̀. Ìlú Maiduguri ní ilẹ̀ Borno, tí Gwange jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò rẹ̀, ti rí ojú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní 1954 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Borno Youth Movement sílẹ̀, Ibrahim Imam, tí ó ti ṣe akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ NPC tí Sardauna ń darí, sì di aṣáájú rẹ̀. Ní 1958, wọ́n bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dòwò pọ̀. Nílé aṣòfin Àríwá ní Kaduna, Imam jẹ́ olórí àwọn alátakò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ NPC pọ̀ níbẹ̀ débi pé kò sí àbá wọn tí ó lè fi ìbò dá dúró. Ẹnu nìkan ni ohun ìjà rẹ̀, òun ni ó sì fi ń béèrè pé kí wọ́n yọ Borno sọ́tọ̀ kúrò lára Àríwá. Wọn kò dá a lóhùn. Síbẹ̀, ní 1967, ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn sílẹ̀, Maiduguri sì di olú-ìlú rẹ̀. Ní 1976, Borno fúnra rẹ̀ di ìpínlẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ní 1979, Alhaji Waziri Ibrahim, ẹni tí ń wàásù òṣèlú tí kò ní ìkorò nínú, kó ẹgbẹ́ GNPP dé orí àlééfà ní Borno, Mohammed Goni sì di gómìnà, nígbà tí NPN ti Ààrẹ Shehu Shagari ń ṣèjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù kìn-ín-ní, 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mú Shugaba Abdurrahman Darman, aṣáájú àwọn aṣòfin GNPP nílé ìgbìmọ̀ Borno, wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọjá ẹnubodè sí ilẹ̀ Chad, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Olóyè G. O. K. Àjàyí gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Nílé ẹjọ́ gíga Maiduguri, Adájọ́ Adéfìlà dá Shugaba láre pé ọmọ Nàìjíríà ni, ó sì ní kí ìjọba san ₦350,000 fún un. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín owó náà kù sí ₦50,000, ṣùgbọ́n àre náà kò yẹ̀.

Bí ìjọba ti ń ṣi agbára lò náà ni alátakò lè ṣi tirẹ̀ lò. Ní Kaduna, àwọn aṣòfin NPN tí ó pọ̀ jù nílé kọ̀ jálẹ̀ láti fọwọ́ sí orúkọ àwọn kọmíṣọ́nnà tí Gómìnà Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP fi ránṣẹ́, títí wọ́n fi yọ ọ́ nípò ní oṣù kẹfà, 1981. Bí a bá ń jà, bí ká kú kọ́. Ṣùgbọ́n orí aráàlú ni ìjà náà fọ́ lé. Ìpínlẹ̀ Bendel, tí ẹgbẹ́ UPN ń darí nígbà náà, gba ọ̀nà mìíràn: ó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí òfin pínpín owó orílẹ̀-èdè, ní oṣù kẹwàá ọdún náà sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin ọ̀hún, nítorí pé ìgbìmọ̀ kan ni ó parí rẹ̀ láìdá a padà sí ilé aṣòfin méjèèjì.

Ó tọ́, nígbà náà, kí alátakò dá òfin dúró bí òfin náà bá tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú mọ́lẹ̀ tàbí bí wọ́n bá gba ẹ̀bùrú ṣe é, kí ó sì fi àríwísí, ìbò àti ilé ẹjọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dínà kìkì nítorí pé ẹgbẹ́ mìíràn ni ó mú àbá wá, ìlú ni ó ń bá jà. Kí ìjọba pẹ̀lú rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin tí a dìbò fún, yálà ní Gwange tàbí ní Ìbàdàn, ẹ fara balẹ̀ ka àbá kọ̀ọ̀kan dópin kí ẹ tó gbè é, kí ẹ sì tún kà á dópin kí ẹ tó dá a dúró.