Ìgbín Ìlá: Láti Inú Igbó Dé Inú Táyà

Àwọn tí wọ́n ń kọ́ni ní ọ̀sìn ìgbín lóde òní máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọgbọ́n àná ni, pé ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rò ó pé ìgbín ṣe é fi sí ẹ̀yìn ilé kí ó máa bí sí i. Èmi tí mò ń sin ìgbín ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ìyá mi ta ìgbín, tí ìyá tó bí ìyá mi náà tà á, ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ̀ mí létí. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe kò jìnnà sí ohun tí mò ń ṣe. Igbó tó wà láyé tirẹ̀ ni kò sí láyé tèmi.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í ṣe ọ̀kan náà jákèjádò. Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, tí ó forí lé ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán àti Ajàṣẹ́-Ìpo, igi á máa dín, koríko á máa gbilẹ̀, títí ọ̀dàn á fi dé. Ìgbín ńlá tí à ń jẹ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Archachatina marginata, ilẹ̀ tútù, ewé tó ti jẹrà àti ibòòji ló ń bá a lára mu. Ọ̀dọ̀ tiwa ló pọ̀ sí, àwọn ìbátan wa lápá ọ̀dàn ló sì ń rà á. Ìjọba amúnisìn fa ààlà, wọ́n fi àwa sí Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n fi àwọn yẹn sí Àríwá. Ní 1967, wọ́n bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara. Àwa di Ọ̀yọ́ ní 1976, a di Ọ̀ṣun ní 1991. Agbọ̀n ìyá àgbà kò mọ ìkankan nínú gbogbo ìyẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ọ̀mù-Àrán àti Òró ṣì ń wá bí wọ́n ti ń wá.

Iṣẹ́ obìnrin àti ọmọdé ni ìgbín kíkó. Ọkùnrin Ìlá, bí kò bá sí lórí ọ̀pẹ nídìí ẹmu, a jẹ́ pé ó wà lóko. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì mu omi yó, àwọn obìnrin á gbé fìtílà lóru, wọ́n á máa wá a lábẹ́ ewé àti nídìí igi tó ti wó. Ẹni tó bá gbọ́n kì í wá ìgbín fúnra rẹ̀. Ipa itọ́ tó ń dán lára ewé ni yóò máa wò. Àwa ọmọdé ń kó ìpẹ́rẹ́ àti ìlákọ̀ṣẹ mọ́ ọn, kì í ṣe torí ọjà, bí kò ṣe torí ẹnu wa. Ṣóńṣó ìkarahun tó bá ṣẹ́ kù, òkòtó ni a fi ń ta.

Ìgbín tí a kó lónìí kì í dé ọjà lónìí. Ìkòkò ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Inú rẹ̀ ni ìyá àgbà ń kó wọn sí di ọjọ́ ọjà. Ó ń já ewé ìbẹ́pẹ sí i, pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé kókò. Ó á fi agbọ̀n dé e, á gbé òkúta lé e lórí, nítorí pé ìgbín tó bá fẹ́ lọ kò ní kánjú, ṣùgbọ́n yóò lọ. Bí ó bá bá ẹyin nínú ìkòkò, kì í dà á nù: ìdí kòkó ló ń gbé e lọ, á fi erùpẹ̀ bò ó. Èyí tí kò tíì gbó nínú ohun tí a kó, á ní kí a dá a padà sí ibi tí a ti rí i. Kò sí ẹni tó fún un ní ìwé ẹ̀rí fún ìyẹn.

Ta ló ń rà á? Olóbẹ̀ ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́òṣà, nítorí oúnjẹ Ọbàtálá ni ìgbín, wọn kì í sì í fi iyọ̀ sí i. Omi ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ̀, ohun tí àwọn babaláwo ń lò láti tu nǹkan lójú. Nínú ìtàn Ifẹ̀, inú ìkarahun ìgbín ni wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ sí wá sórí omi kí ilẹ̀ tó wà, ọmọ Odùduwà sì ni Ọ̀ràngún, a kò lè sọ pé ìtàn yẹn kò kàn wá. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil gbé orúkọ náà dání. Igbin ni wọ́n ṣì ń pè é nídìí òrìṣà níbẹ̀, wọ́n sì tún ń pè é ní màlúù Òṣàlá. Aláboyún nìkan ni ìyá àgbà kì í tà á fún. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ á máa da itọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì, Imevbore àti Ademosun, kọ̀wé ní 1988 lórí ohun tó wà nínú ẹran ìgbín tó ń ṣe ara lóore, ìyá àgbà ti kú. Mo mọ̀ pé kì bá tí yí ọkàn padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára wà nínú ìgbín dáadáa, aláboyún ló sì nílò rẹ̀ jù.

Kòkó ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ igbó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò pa ìgbín lára. Abẹ́ kòkó tutù, ewé sì nípọn nílẹ̀. Oògùn ló ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ń fín Gamalin 20 fún kòkòrò, wọ́n sì ń fín oògùn aláwọ̀ aró fún àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Bàbà ló wà nínú oògùn aláwọ̀ aró yẹn, bàbà kì í sì í bá ìgbín rẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn onípákó dé, tí wọ́n gé àwọn igi ńlá. Iná ọdẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn jó ìyókù, pẹ̀lú ìgbín tó ti wọ inú ilẹ̀ lọ sùn. Ìyá mi ò rí kó mọ́ nítòsí ìlú. Apá Òkè-Ìlá, ní ìhà omi Àyíkúnnugbá, ló ń rán ènìyàn lọ. Nígbà tó yá, àwọn tó ń kó o wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ mọ́ ìyá. Ìgbà yẹn ni ìkòkò ẹ̀yìn ilé kò tó mọ́.

Àwọn onímọ̀ náà ti rí i pé igbó ń tán. Ní 1978, Ajayi, Tewe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé iṣẹ́ jáde lórí bí ìgbín ńlá ṣe ń gbé ayé rẹ̀ àti ohun tó wà nínú ẹran rẹ̀. Ní 1993, Cobbinah láti Ghana ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn tó fẹ́ sin ìgbín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo fi ọ̀wọ̀ fún wọn. Àwọn ni wọ́n ṣàlàyé fún mi ìdí tí ìkarahun fi ń fúyẹ́ bí kò bá sí ẹfun nínú oúnjẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ èèpo ẹyin adìyẹ fún tèmi.

Táyà ògbólógbòó tí mo tò lé ara wọn lórí ni ilé ìgbín mi, nẹ́ẹ̀tì lókè, erùpẹ̀ oníyanrìn nísàlẹ̀. Láàárọ̀, mo ń kó oúnjẹ àná kúrò kí ó má pe èèrà. Nírọ̀lẹ́ mo ń wọ́n omi, mo sì ń fi oúnjẹ tuntun sí i, nítorí òru ni wọ́n ń jẹun. Mo ń fi ìka wá ẹyin nínú erùpẹ̀. Ìgbín ńlá kì í yé púpọ̀, ó lè má ju 4 sí 18 lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tó oṣù kan kó tó pa. Kò sí akọ, kò sí abo: gbogbo wọn ló ń yé. Nígbà ọyẹ́, bí omi bá dín, wọ́n á fi ìbòrí funfun dí ẹnu ìkarahun, wọ́n á sùn. Ìjàlọ ni mo ń bẹ̀rù jù. Òru kan péré tó fún un láti pa gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń da ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú yí gbogbo ibẹ̀ ká.

Ẹran ọbẹ̀ wa yìí, ohun ìwòran ni lókè òkun. Ní Britain, wọ́n ń sìn ín nínú àpótí dígí bí ẹni ń sin ológbò. Amẹ́ríkà kò fẹ́ rí i láàyè rárá: ní 1966, ọmọdékùnrin kan kó mẹ́ta wá sí Florida láti Hawaii, wọ́n sì pọ̀ débi pé ó ná ìjọba lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là kí wọ́n tó pa wọ́n run. Ẹ̀yà Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni wọ̀nyẹn o, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n òfin kò yà wá sọ́tọ̀. Ní 2014, wọ́n gba ìgbín 67 tó ti Nàìjíríà lọ, ní pápákọ̀ òfúrufú Los Angeles. Àwọn tó fi ránṣẹ́ ní oúnjẹ ni. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Àwọn kan ń káàkiri báyìí tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń ṣèlérí pé oṣù díẹ̀ ni ìgbín yóò fi sọ wọ́n di olówó. Irọ́ ni. Ìgbín ńlá tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹyin lè tó ọdún kan kí òun náà tó yé, owó ibẹ̀ sì jẹ́ owó ọbẹ̀ àti owó ilé ìwé, kì í ṣe owó ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìgbín lójú ọ̀nà Ìlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan ẹnu ìkarahun rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá nípọn, ó ti gbó. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ọmọ ni, kò tíì yé rí. Ẹ má rà á.