Láti Ẹnu Àáké Dé Orí Tábìlì Ráútà: Ìtàn Iṣẹ́ Igi ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Tábìlì ráútà kò ju àpótí onígi kan lọ. Orí rẹ̀ tẹ́jú, ihò wà láàárín, ẹ̀rọ sì wà nísàlẹ̀ tí bíìtì rẹ̀ yọ sókè láti inú ihò náà. Pákó ni káfíńtà ń tì kọjá lára bíìtì tó ń yí. Kì í gbé ẹ̀rọ kiri lórí pákó. Ẹni tó fẹ́ fín etí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tó fẹ́ la kòtò tí ìdí dúrọ́ọ̀ yóò wọ̀, tàbí tó fẹ́ ṣe férémù àwòrán, orí irú tábìlì yìí ni iṣẹ́ náà ti ń yá. Ní Òmù-Àrán ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, àti agbègbè rẹ̀, àpótí yìí ní ìtàn tó gùn ju ti ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ, nítorí pé iṣẹ́ méjì tó ti ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́ ló pàdé lórí rẹ̀: iṣẹ́ agbẹ́gilére àti iṣẹ́ káfíńtà.

Igi kì í pẹ́ láyé níbi tí ikán bá wà, òkúta ló ń ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí ohun ọnà tó lókìkí jù ní ilẹ̀ yìí kì í fi í ṣe ti igi. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ pọ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí H. G. Ramsay, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, tó ròyìn wọn ní 1933, kí ìjọba sì tó kọ́ ilé fún wọn ní 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí roboto. Bí a bá wò ó dáadáa, ère àti àpótí tó jókòó lé, òkúta kan náà ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Bí agbẹ́gilére náà ṣe ń ṣe igi nìyẹn.

Gẹdú kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére máa ń wá, ọ̀mọ̀ tàbí ìrókò tàbí apá, á sì máa gé ohun tí kò fẹ́ kúrò títí ohun tó fẹ́ yóò fi hàn. Iṣẹ́ náà ní ìpele: ọnà lílé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí àáké ti ń fi orí àti ara hàn, àlétúnlé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni dídán, kí fínfín tó kẹ́yìn, nígbà tí ẹnu ọ̀bẹ bá ń la ìlà irun, ìlà ojú àti ọnà ara aṣọ. Ilẹ̀kùn ààfin pàápàá, pákó tí wọ́n fi àáké là ni. Wọn kì í kan ìwakùn irin mọ́ ọn. Wọ́n á dá ẹnu sí òkè àti ìsàlẹ̀ pákó náà fúnra rẹ̀, èyí tí yóò máa yí nínú ihò.

Agbègbè yìí kò ṣaláìní ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà. Àreògún wà ní Ọ̀sì, ní ilẹ̀ Ọ̀pìn tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ó sì kú ní 1954. Àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kún fún èrò, ẹlẹ́ṣin, ọdẹ àti obìnrin onísìn, tí ó tò ní ipele ipele bí ojú ìwé. Bámigbóyè wà ní Odò-Ọwá, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1885. Òun ló ń gbẹ́ ère Ẹpa ńláńlá tí èrò ń dúró lé lórí tí géńdé yóò sì tún gbé e jó. Ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ní 2022.

Káfíńtà gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó fa igi gígùn sí wẹ́wẹ́, kí ó wá tún wọn so pọ̀: kí ó dá ihò sára ọ̀kan, kí ó gbẹ́ ẹnu èkejì kí ó wọ inú ihò náà, kí ó fi gùlúù dè é. Ayùn, ìfági àti ìṣó ni ohun ìjà rẹ̀. Àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ ní Sàró wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ láàárín àwa Yorùbá. Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ní 1822, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ John Weeks kí ó tó di àlùfáà. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà náà mú tiwọn dé Èkó: àtẹ̀gùn, fèrèsé alápá méjì, àjà tí wọ́n fín. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894 tí João Baptista da Costa sì kọ́, ṣì dúró bí ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì, ọ́fíìsì ìjọba àti ojú irin ń gbé iṣẹ́ náà wọ ìgbèríko, títí tí abúlé kọ̀ọ̀kan fi ní ẹni tó lè kan àga àti pósí.

Ìtàn ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ fi hàn bí àwọn ọba wa ṣe wo iṣẹ́ méjèèjì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, àwọn ará British Museum sì fẹ́ rà á. Ọba kò gba owó. Àga ọba tí wọ́n kàn ní ìlú Òyìnbó ló ní kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn kan ń fi ìyẹn bú kábíyèsí lóde òní. Èmi kò rí ẹ̀bi níbẹ̀: agbẹ́gilére wà nílẹ̀ tó lè gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún un, ṣùgbọ́n irú àga bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí.

Òmù-Àrán ni ilé ẹ̀kọ́ ti gbìyànjú láti fi iṣẹ́ ọwọ́ ìlú kún ẹ̀kọ́ ìwé. Ní àwọn ọdún 1930, J. D. Clarke, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn, ń darí ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tó gbà pé kí ọmọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1937. Bámigbóyè ni wọ́n mú wá láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní igi gbígbẹ́. Ọ̀gá àgbà tó ti ń gbẹ́ ère fún ọdún ìbílẹ̀ wá di tíṣà. Àwọn fádà SMA, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, tún ṣe irú rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 sí 1954. Bándélé ọmọ Àreògún wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ti wá kọ́ṣẹ́ kún èyí tó ti mọ̀ nílé baba rẹ̀. Ilẹ̀kùn ìjọ, àga ìwàásù àti òpó ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀. UNESCO dá Fákẹ́yẹ lọ́lá ní 2006, ó sì kú ní 2009.

Ẹ̀rọ tó wá mú kí fínfín di iṣẹ́ káfíńtà kò tíì pẹ́ láyé. Irin kékeré tí wọ́n há sínú igi, tí wọ́n ń fọwọ́ tì kí ó lè tẹ́ ìsàlẹ̀ kòtò, ni ráútà ìgbà àtijọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni R. L. Carter ní Syracuse, ìpínlẹ̀ New York, fi mọ́tò iná mànàmáná sí i, ilé iṣẹ́ Stanley sì ra òwò rẹ̀ ní 1929. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ilé iṣẹ́ Elu ti Jámánì ṣe irú èyí tí a lè tì wọ inú igi láti òkè. Ibi tí ẹ̀rọ náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé pákó tín-ín-rín kì í dúró fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn kò lè mú un lọ tààrà fún ọ̀nà gígùn. Káfíńtà bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó so ó mọ́ abẹ́ pákó. Àwọn tiwa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ayùn oníná tipẹ́.

Bí a ṣe ń kan àpótí rẹ̀ nìyí. Ojú tábìlì ló ṣe pàtàkì jù. Pílíwúùdù oní-18 mm méjì tí a lẹ̀ pọ̀ yóò fún wa ní 36 mm tí kò ní tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Bí a bá lẹ fọ́míkà sókè, kí a lẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ náà, nítorí òjò àti ọyẹ́ Òmù-Àrán kì í jẹ́ kí pákó tí a bò lójú kan ṣoṣo dúró ní títẹ́. Pákó MDF tẹ́jú ju pílíwúùdù lọ, àmọ́ bí omi bá kàn án, ó ti wú. Àárín ojú tábìlì ni a ó ti gé àyè fún pẹlẹbẹ álúmíníọ́mù tí ẹ̀rọ rọ̀ mọ́. Gíga tábìlì náà lè wà láàárín 85 sí 90 cm, kí ẹ̀yìn má baà máa ro ẹni. Yàrá àárín wà fún ẹ̀rọ, dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ sì wà fún bíìtì, níbi tí a ti dá ihò oní-6.35 mm àti oní-12.7 mm kí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dúró ṣánṣán. Ìsàlẹ̀ ni kí ohun tó wúwo wà. Súwíìṣì gbọ́dọ̀ wà níta, níbi tí orúnkún lè kàn bí ọwọ́ kò bá ráyè.

Igi ìdarí tí pákó ń fara gbá gbọ́dọ̀ gún régé. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni a ń ti pákó, kí ó lè kojú bíìtì. Ẹni tó bá tì í láti òsì yóò rí i bí ẹ̀rọ ṣe ń já a gbà. A kì í sì í ti pákó kọjá láàárín bíìtì àti igi ìdarí. Bíìtì kékeré lè yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n bíìtì tó fẹ̀ tó 50 mm, a ní láti dín in kù sí nǹkan bí 12,000.

Iná ni wàhálà. Ráútà ńlá ń gba nǹkan bí 1,500 wáàtì sókè, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò ń lò, tí kì í tó 1,000 wáàtì, kò lè gbé e. Tòkúnbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, 120 folti ló ń lò. Bí a bá fi sí iná wa tó jẹ́ 230 láìlo tiransífọ́mà, ó parí nìyẹn.

Èérún tí àáké Bámigbóyè ń já sílẹ̀, a lè fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù. Ti ráútà, lẹ́búlẹ́bú tó ń fò ni. Ti ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń dí àyà ẹlòmíràn, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ sì ti ka lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà láti 1995. Nítorí náà ni yàrá àárín àpótí ṣe gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn, kí ihò páìpù tó ń fa lẹ́búlẹ́bú jáde sì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí káfíńtà tún fi nǹkan bo imú kí ó tó tan iná.